Táyà túbùlẹ́sì fún gravel àti cyclocross: èwo ló bá ọ̀nà yín mu?

Ìbéèrè kan wà tí àwa tá à ń gun kẹ̀kẹ́ níbí máa ń bi ara wa tí oṣù September bá ti dé, tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé ní England: táyà gravel tó wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ mi yìí, ṣé mo lè fi sáré cross? Ẹni tó ní táyà cross náà á máa bèèrè bóyá òun lè fi rin ọ̀nà olókùúta láti àárọ̀ dalẹ́. Cross, ìyẹn cyclocross, ni eré kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń sá yípo lórí koríko, ẹrẹ̀ àti iyanrìn, gravel sì ni gígun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà olókùúta tí kò ní ọ̀dà. Ẹ lè ṣe é o, kò sẹ́ni tó máa mú yín, àmọ́ táyà ti wọ́n, iṣẹ́ àwọn méjèèjì ò sì jọra, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wéra dáadáa kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bàpò.

Bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ náà nìyí. Nínú cyclocross, UCI, ìyẹn àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ti de ìbú táyà mọ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ ju mílímítà 33 lọ fún àwọn tó ń sáré ìdíje ńláńlá, torí náà gbogbo ọgbọ́n tó kù wà nínú eyín táyà àti iye atẹ́gùn tẹ́ ẹ bá fẹ́ sí i. Gravel ò ní òfin 33 yẹn, ibi tí férémù yín bá gbà á dé náà lẹ lè dé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìbú la máa kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ara táyà, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà bò, ká tó wá kan eyín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é sódì. Wọ́n á máa wo fọ́tò eyín táyà gravel lórí fóònù títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìgbà tí wọ́n bá wá rà á, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù tí ara ẹ̀ sì fẹ́lẹ́ jù ni wọ́n á mú, wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ wọ́n ń pa làpálàpá.

Túbùlẹ́sì, túùbù, àbí tubular?

Ẹni tó bá ti wa mọ́tò rí nílé mọ túbùlẹ́sì. Kò sí túùbù nínú ẹ̀, etí táyà ló fún mọ́ rímù pinpin tí atẹ́gùn ò fi ráyè jáde. Mavic, Hutchinson àti Michelin ló gbé ti mountain bike jáde ní 1999, wọ́n pè é ní UST, àmọ́ lóde òní a máa ń da sílántì sí i, omi funfun kan tó ní rọ́bà olómi nínú, tí ẹ̀gún bá gún táyà, atẹ́gùn tó ń sá jáde á wọ́ omi yẹn lọ sẹ́nu ihò, á dì pa síbẹ̀, ẹ lè má tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ àfìgbà tẹ́ ẹ bá délé tẹ́ ẹ rí àpá funfun lára táyà.

Ti ẹ̀gún nìkan kọ́ ṣá o. Táyà tó ní túùbù, tẹ́ ẹ bá dín atẹ́gùn ẹ̀ kù tẹ́ ẹ wá fi gbá òkúta, rímù á fún túùbù mọ́ òkúta yẹn, á lù ú níhò méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Túbùlẹ́sì ò ní túùbù tí rímù máa fún pa, ẹ lè mú atẹ́gùn wálẹ̀ gan-an, táyà á rọ̀, á tẹ́ sórí ilẹ̀, á di ilẹ̀ mú, ọwọ́ àti ẹ̀yìn yín náà á sì sinmi díẹ̀.

Ní Belgium, níbi tí wọ́n ti ń wo cyclocross bí àwa ṣe ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ ṣì máa rí àwọn ọ̀gá tó ń lo tubular, ìyẹn táyà tí wọ́n rán yíká túùbù tí wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ rímù. Ó dáa, mi ò ní parọ́. Gọ́ọ̀mù ló mú un, torí náà wọ́n lè sọ atẹ́gùn kalẹ̀ dé nǹkan bíi psi 18 (psi ni wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn inú táyà), kò sì ní yọ lára rímù. Àmọ́ lílẹ̀ ẹ̀ ń gba ọjọ́, ẹ máa kùn ún, ẹ máa jẹ́ kó gbẹ, ẹ máa tún kùn ún, gbogbo eyín tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lò ló máa ní rímù tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó ní mẹkáníìkì àti kẹ̀kẹ́ kejì tó ń dúró dè é nínú pit, ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ lójú eré, ló lè gbé ìyẹn. Àwa tá à ń fọ kẹ̀kẹ́ fúnra wa lẹ́yìn ilé, túbùlẹ́sì ni tiwa.

Cyclocross: ìbú ti dúró, ẹ wo eyín

Ọ̀rọ̀ 33 yẹn ní ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nínú. Adájọ́ máa ń mú ohun ìwọ̀n wá, ìbú táyà gangan ló ń wọ̀n, kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Rímù tó fẹ̀ tó mílímítà 25 nínú lè na táyà 33 kọjá 34. Ẹni tó bá máa sáré níbi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, kó fẹ́ táyà náà, kó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì torí táyà tuntun ṣì máa nà sí i, kó wá fi caliper wọ̀n ọ́n. Líìgì àdúgbò ní England níbí ò le tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń jẹ́ kéèyàn gbé mountain bike gan-an wá, ẹ ṣáà bi àwọn tó ṣètò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀.

Eyín wá pín sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tí eyín ẹ̀ wẹ́wẹ́ bíi ti fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n ayùn, irú bíi Vittoria Terreno Dry tó ní ìpẹ́ ẹja láàárín, Challenge Chicane, àti Donnelly LAS. Ilẹ̀ gbígbẹ, koríko kúkúrú tó le, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fò. Èkejì ni ti àárín méjì, Challenge Grifo tó ti wà lọ́jà tipẹ́tipẹ́, Donnelly MXP, Schwalbe X-One Allround, Terreno Mix. Ìkẹta ni ti pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, Challenge Limus, Donnelly PDX, X-One Bite, Terreno Wet, Maxxis Mud Wrestler. Ẹ bá mi wo àwọn lẹ́tà Donnelly yẹn dáadáa, orúkọ pápákọ̀ òfúrufú ni wọ́n, LAS ni Las Vegas tó gbẹ, PDX ni Portland tí òjò ń rọ̀ ṣáá, MXP ni Milan, láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń tà wọ́n lábẹ́ orúkọ Clement ló ti wà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, orúkọ táyà ti sọ ojú ọjọ́ tó wà fún.

Iyanrìn máa ń ru èèyàn lójú. Ẹni tó bá rí àwọn òkè iyanrìn Koksijde tàbí kòtò ńlá ti Zonhoven, ní Belgium níbi tí wọ́n ti ń sá cross, á rò pé eyín gígùn ló máa mú un kọjá. Rárá o. Eyín gígùn á máa wa iyanrìn ni, bí ẹ bá ṣe ń tẹ pẹ́dàlì lẹ á máa rì. Eyín wẹ́wẹ́ pẹ̀lú atẹ́gùn tó kéré gan-an ló ń léfòó lórí iyanrìn. Ẹ wá lọ sí Namur, ní Belgium náà, lórí òkè tí odi àtijọ́ wà níbẹ̀, ọ̀nà dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ẹrẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá tẹ̀ báyìí kẹ̀kẹ́ ti ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀, eyín ẹ̀gbẹ́ ló máa gbà yín níbẹ̀, ẹni tó bá gbé Terreno Dry wá máa fẹsẹ̀ rìn.

Tẹ́ ẹ bá ń wo táyà ẹrẹ̀, ẹ má jẹ́ kí gíga eyín gba ojú yín. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín eyín sí eyín. Lẹ́yìn róńdù kan péré nínú ẹrẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wo táyà yín: tẹ́ ẹ bá ṣì ń rí eyín kọ̀ọ̀kan tó dá dúró, tí ẹrẹ̀ ń jábọ́ bí táyà ṣe ń yí, ó ń ṣiṣẹ́. Tí ẹrẹ̀ bá ti dí gbogbo àlàfo yẹn tí orí táyà wá dán bọ̀rọ́, kò sí eyín mọ́, bó ti wù kó ga tó nígbà tẹ́ ẹ rà á. Ibi tí PDX àti Limus ti ta Grifo yọ lójú ẹrẹ̀ nìyẹn, eyín wọn jìnnà síra.

Tó bá jẹ́ pé owó táyà méjì péré ló wà, iwájú àti ẹ̀yìn, tí àkókò cross yín sì bẹ̀rẹ̀ látorí koríko gbígbẹ títí wọ ẹrẹ̀ January, èmi ò ní ra ti àárín méjì tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ. Challenge Baby Limus, àbúrò Limus, ni màá rà, tàbí PDX. Ìdí ni pé táyà ẹrẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ kàn máa dín eré yín kù díẹ̀ ni, táyà ilẹ̀ gbígbẹ nínú ẹrẹ̀ máa dá yín dúró pátápátá. Ẹni tí agbára ẹ̀ bá ká mẹ́ta, kó fi ti ẹrẹ̀ síwájú nígbà gbogbo, kó wá máa pààrọ̀ ẹ̀yìn, torí tí ẹ̀yìn bá yọ̀ ẹ ṣì lè mú un padà, tí iwájú bá yọ̀ ilẹ̀ lẹ máa bá ara yín.

Ara táyà náà yàtọ̀ síra. Èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe bíi ti Challenge Handmade TLR máa ń dé pẹlẹbẹ bí ìgbànú, ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ó máa ń gba ilẹ̀ mọ́ra ju ti Schwalbe, Vittoria tàbí Maxxis tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbígbóná ṣe lọ, àmọ́ ẹ máa jà kó tó wọ rímù, sílántì tí kò ní amóníà nínú sì ni kẹ́ ẹ lò, amóníà máa ń ba rọ́bà àdánidá inú ẹ̀ jẹ́. Ẹni tí kò bá tíì fi táyà túbùlẹ́sì sí rímù fúnra ẹ̀ rí, kó má fi ti Challenge kọ́ṣẹ́. X-One ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ti atẹ́gùn, ẹni tó wúwo tó kìlógíráàmù 70 lè bẹ̀rẹ̀ láti psi 26 tàbí 27 sẹ́yìn, kó fi psi kan tàbí méjì dín ti iwájú, kó wá máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí rímù á fi fẹ́ẹ́ kan ilẹ̀ níbi tó burú jù. Tó bá kéré jù, ẹ máa gbọ́ ọ nínú kọ́nà, púù, etí táyà ti ṣí lára rímù díẹ̀, atẹ́gùn ti jáde, nígbà míì sílántì á tún ta sí yín lẹ́sẹ̀. Ẹ ra gééjì kékeré oní-dígítà, torí gééjì tó wà lára pọ́ǹpù tó ń lọ dé psi 160 ò lè sọ òótọ́ fún yín ní 25, bẹ́ẹ̀ psi kan ṣoṣo ń yí nǹkan padà nínú cross.

Gravel: ìbú, lẹ́yìn náà ara, eyín ló kẹ́yìn

Ẹ kọ́kọ́ wo férémù àti fọ́ọ̀kì yín. Àlàfo tó tó mílímítà 5 gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà lọ́tùn-ún lósì, tí ẹrẹ̀ bá wà lọ́nà yín ẹ jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹrẹ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ táyà tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú á máa ha férémù títí kun á fi bó, carbon gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Férémù gravel àtijọ́ sábà máa ń gba 40, àwọn tuntun ń gba 45 sí 50. Ẹ lo èyí tó fẹ̀ jù tí férémù gbà láìjẹ́ pé ó há. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún yín pé táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló yá, lórí títì ọ̀dà ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó jẹ́ òótọ́, àmọ́ lórí òkúta, gbogbo bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń ta lókè ta nílẹ̀ yẹn, agbára yín ló ń jẹ. Ní Unbound Gravel tí wọ́n ń sá ní Emporia, Kansas, láti 2006, máìlì 200 lórí àwọn òkè Flint Hills, àwọn tó ń lépa ipò kìíní ti ń fi táyà mountain bike oní-ínṣì 2.1 àti 2.2 sáré báyìí, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gbádùn, wọ́n fẹ́ borí ni.

Flint Hills yẹn kan náà ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ lóye ọ̀rọ̀ ara táyà. Akọ òkúta ló wà lójú ọ̀nà ibẹ̀, ó mú bí abẹ, ẹ̀gbẹ́ táyà ló sì ń gé. Ihò kékeré láàárín táyà, sílántì á dí i, èyí tó bá tóbi díẹ̀, ẹ máa ki plug sí i, ohun kan náà tí àwọn fọkanáísà nílé ń fi irin kì bọ táyà túbùlẹ́sì mọ́tò, tiwa kàn kéré ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló la gbọọrọ, ó ti di ẹjọ́ míì nìyẹn, àfi kẹ́ ẹ fi nǹkan tó le bò ó látinú kẹ́ ẹ ti túùbù sí i kẹ́ ẹ máa bá a rìn lọ sílé.

Torí náà tẹ́ ẹ bá ti yan orúkọ táyà tán, ẹ tún wo irú ara tó ní, ibí yìí làwọn èèyàn ti ń ṣi rà. Teravail Cannonball wà ní méjì, Light and Supple àti Durable, eyín kan náà, orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n táyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ bá dé orí òkúta. Maxxis Rambler náà ní EXO, ó ní SilkShield. Èyí tó fẹ́lẹ́ fúyẹ́, ó sì rọ̀ mọ́ ilẹ̀, èyí tó nípọn wúwo díẹ̀, ó sì lè gbé yín délé. Níbí ní gúúsù England, South Downs Way láti Winchester dé Eastbourne, ẹfun àti akọ òkúta ló kún bẹ̀, ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ kó ra èyí tó nípọn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, kó sì mọ̀ pé tí òjò bá ti pa ẹfun yẹn, kò sí eyín táyà kankan tó máa dì í mú, ẹ kàn máa rọra lọ ni. Ní Kielder lókè lọ́hùn-ún, ní àríwá England, níbi tí wọ́n ti ń sá eré gravel tí wọ́n ń pè ní Dirty Reiver, ọ̀nà ọkọ̀ agégi ni, òkúta ló pọ̀ jù níbẹ̀, 45 ló máa bá yín ṣe é.

Ó wá kan eyín. Èyí tó máa yé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jù ni Pirelli Cinturato Gravel, torí wọ́n ti kọ lẹ́tà sí i: H fún ilẹ̀ tó le, M fún àdàlù, S fún ilẹ̀ rírọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì, M yẹn ni.

Àwọn méjì tí wọ́n máa ń fi wéra jù ni Specialized Pathfinder Pro àti Panaracer GravelKing SK. Pathfinder dán láàárín, eyín ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ìrìn yín bá jẹ́ títì ọ̀dà kẹ́ ẹ tó kan òkúta, òun ni kẹ́ ẹ mú, lórí ọ̀dà kì í dún rárá, tẹ́ ẹ bá sì dagun sínú kọ́nà eyín ẹ̀gbẹ́ á di ilẹ̀ mú. SK ní eyín kéékèèké onígun mẹ́rin káàkiri, òun ló dáa jù lórí òkúta wẹ́wẹ́ tó tú, pàápàá níbi tẹ́ ẹ ti ń gun òkè tí táyà ẹ̀yìn fẹ́ máa yí lásán. Nínú ẹrẹ̀ ṣá, eyín ẹ̀ sún mọ́ra jù, ohun tí mo sọ nípa àlàfo lẹ́ẹ̀kan ló máa bá a, á dí pátá. WTB Resolute 42 ló yẹ ẹni tí ọ̀nà ẹ̀ tutù ju bó ṣe gbẹ lọ. Continental Terra Speed yára gan-an, ó sì fúyẹ́, àmọ́ eyín ẹ̀ kúrú, ti ẹ̀yìn máa ń tètè jẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní Terra Trail ló ní eyín tó ga díẹ̀. Àwọn kan máa ń fi Trail síwájú, Speed sẹ́yìn, èyí sì dáa lójú tèmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn eré ju gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ wo irú ọ̀nà tẹ́ ẹ máa sá kẹ́ ẹ tó wo irú táyà tí ọ̀gá kan lò. Gravel World Championships àkọ́kọ́ tí UCI ṣe ní 2022 ní Veneto, Italy, tí Gianni Vermeersch ọmọ Belgium gbà nínú ti ọkùnrin, ọ̀nà ibẹ̀ le, ó sì tẹ́jú, táyà tó fẹ́ẹ̀ẹ́ dán ló yẹ ẹ́. Ẹ gbé irú táyà yẹn lọ sí Kansas ní 2023, ọdún tí òjò sọ ilẹ̀ Unbound di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ni bí àtè, tí àwọn eléré gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, ẹ ó rí i pé ó yàtọ̀.

Atẹ́gùn fún ẹni kìlógíráàmù 70 sí 75: táyà 40, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi psi 32, táyà 45, nǹkan bíi 28, kẹ́ ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Rímù àti sílántì

Tí rímù yín bá jẹ́ hookless, tí ẹnu ẹ̀ dán tí kò ní ìkọ́ tó di etí táyà mú, ẹ má fẹ́ ẹ kọjá psi 72.5, ìyẹn bar 5, kẹ́ ẹ sì rí i pé ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà kọ ọ́ pé ó bá hookless mu. Atẹ́gùn gravel ò sún mọ́ iye yẹn, ọ̀rọ̀ bóyá táyà bá a mu ni kẹ́ ẹ fojú sí.

Sílántì tó nǹkan bíi mílílítà 50 tó táyà 33, 60 sí 90 tó táyà 40 sí 45. Ó máa ń gbẹ o, lóṣù méjì tàbí lóṣù mẹ́fà, ooru ló ń pinnu ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, tẹ́ ẹ ń gun ọ̀nà yangí nínú oòrùn àti ọyẹ́, ẹ má dúró dè oṣù mẹ́fà, ẹ máa ṣí ọkàn fáàfù lóṣooṣù, kẹ́ ẹ ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń tutù jáde. Táyà tí sílántì inú ẹ̀ ti gbẹ ò yàtọ̀ sí táyà lásán, ọjọ́ tí ẹ̀gún bá gún un lẹ máa mọ̀.

Tó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo lẹ ní ńkọ́?

Ká sọ pé kẹ̀kẹ́ gravel lẹ ní, líìgì àdúgbò sì lẹ fẹ́ lọ ṣe nígbà òtútù, ẹ wá ra táyà 38 tàbí 40 kan kẹ́ ẹ fi ṣe méjèèjì? Lóṣù September, ó máa lọ. Tí ẹrẹ̀ bá dé, eyín gravel tó sún mọ́ra yẹn á dí, ẹ ó sì máa yọ̀ kiri lọ́wọ́ àwọn tó wà lórí 33 eyín jíjìn. Pípààrọ̀ táyà túbùlẹ́sì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ náà ò bójú mu, sílántì á dà sílẹ̀, etí táyà á máa rọ̀, téèpù inú rímù á máa ya. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n fowó pamọ́ fún ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjì sí i, iwájú àti ẹ̀yìn, tokunbo tó dáa náà tó, kí wọ́n fi 45 oníara nípọn sí méjì kan, kí wọ́n fi Baby Limus 33 sí méjì yòókù. Ẹ rí i pé cassette, ìyẹn àwọn eyín tí ṣéènì ń yí lórí ẹ̀ lẹ́yìn, jọ ara wọn nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, àti pé dísìkì bíréèkì wọn jókòó síbì kan náà. Tí ọ̀kan bá wọlé ju èkejì lọ, wọ́ṣà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà tí wọ́n ń tà tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn dísìkì, ẹ fi kan sí i, bíréèkì ò ní máa ha mọ́, ẹ ó lè pààrọ̀ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje.